Ẹja Tí Kò Gbọdọ̀ Rí Iná

Sátidé, 4 Oṣù Kẹwàá, 1975

Ìpàdé ẹbí parí nírọ̀lẹ́. Tàjùdíìnì àbúrò mi wọ léèsì wá síbi tí gbogbo wa ti jókòó lórí ẹní. Aago ọwọ́ rẹ̀ tó ọmọrí ìkòkò, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ tí kò ní kọ́kọ́ na ọwọ́ náà síta kí a rí i. Kọngílá sìmẹ́ńtì! Ẹni tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn fi ń ro mí.

Ìyá Fàúsátù, ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, ló la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀lé Kérésì ni bàbá yóò pé ọdún kan tó ti kú. Ọmọ tó bá fẹ́ jókòó sórí àga rẹ̀ yóò gbé ẹja òkun wá fún òun ní èbúté lọ́jọ́ náà, ẹja tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa, tí kò tíì rí iná, tí kò tíì rí iyọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá ṣe nígbà tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni bàbá tó bí i ṣe.

"Ìyá, ṣé nítorí ẹja?" ni Tàjùdíìnì wí. "Mo lè ra odindi ilé ẹja yìnyín fún yín lọ́la."

"A kì í rà á."

"Ó dáa náà, màá pa á. Ta ló tún kù? Èmi nìkan ṣá ni ọkùnrin nínú ilé yìí."

Lẹ́yìn náà ló wá tú àṣírí ara rẹ̀. Ó ti bá ilé iṣẹ́ kan sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gba èbúté wa tó wà lọ́nà Ìjègùn. Wọn yóò da yanrìn dí i, wọn yóò kọ́ ilé tí wọ́n ń kó sìmẹ́ńtì sí síbẹ̀. Ẹni tó bá wà lórí àga ni yóò fọwọ́ sí ìwé. Èbúté tí bàbá ń so ọkọ̀ mọ́! Ibẹ̀ ló ti kọ́ mi lúwẹ̀ẹ́ kí ọmú tó yọ láyà mi. Kò kọ́ Tàjùdíìnì, torí ìyá wa kò gbà. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo, wọ́n ń gbé e bí ẹyin, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan omi.

Inú bí mi débi pé ẹnu mi ṣáájú mi. Mo ní, "Èmi ni àkọ́bí. Èmi náà á gbé ẹja wá."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín! Mo ti ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pẹ́, mo mọ ẹ̀rín òmùgọ̀ tí mo bá gbọ́ ọ. Ìyá Fàúsátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa wò ó."

Àlàmísì, 9 Oṣù Kẹwàá

Kò sí ọkọ̀. Ikán ti jẹ ti bàbá tán. Cecilia tó ń kọ́ kíláàsì kẹta lọ́dọ̀ mi ní òyìnbó tí Báyọ̀dé ọkọ òun ń bá ṣiṣẹ́ ń padà sílùú wọn, ó sì fi ọkọ̀ kan sílẹ̀ tí kò rí ẹni gbà á.

Mo yà sílé wọn ní Ẹ̀gbẹ́dá. Kí n tó rí ọkọ̀, ó di dandan kí n kọ́kọ́ wo fírísà tí wọ́n fi owó Údójì, èyí tí ìjọba fi kún owó oṣù, rà. Ó tóbi bíi pósí. Pálọ̀ ni wọ́n gbé e sí, wọ́n fi aṣọ bò ó, wọ́n gbé òdòdó oníke lé e lórí. Cecilia ṣí i fún mi tayọ̀tayọ̀. Omi inú ike ló wà níbẹ̀ àti mínírà kan ṣoṣo. Ohun tí wọ́n ń fi owó epo ṣe nìyẹn, wọ́n ń ra ilé fún omi.

Ẹ̀yìn ilé ni ọkọ̀ náà wà. Káyáàkì ni òyìnbó ń pè é. Ike líle ni, ó pupa bí ọsàn tó pọ́n jù, ó gùn, ó tín-ín-rín bí èèpo ẹ̀wà. Ihò kan ló wà láàárín tí ènìyàn yóò ki ìdí bọ̀. Àjẹ̀ rẹ̀ ní orí méjì, àfi bíi pé ẹni tó gbẹ́ ẹ kò mọ apá tí òun fẹ́ fi wa ọkọ̀. Bí bàbá bá rí i, yóò tún kú.

Mo gbà á.

Sátidé, 11 Oṣù Kẹwàá

Àmúsà ọkọ mi wà ní Kánò pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ kejì. Ṣòkòtò méjì ló gbàgbé sọ́dọ̀ mi, àwọn ló sì wúlò jù nínú gbogbo ohun tó fún mi láyé. Mo wọ ọ̀kan lọ sí èbúté lówùúrọ̀, mo ró ìró lé e kí n má baà di ìròyìn.

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Mo jókòó, ọkọ̀ ń gbọ̀n. Mo dákẹ́, ó ń gbọ̀n. Mo mí, ó dojú dé.

Cecilia dúró létí omi pẹ̀lú Bíbélì rẹ̀. "Màdáámù, ẹ má bínú sí i, ẹ rọra bá a sọ̀rọ̀."

"Ike ni, Cecilia."

"Ẹ ṣáà bá a sọ̀rọ̀."

Sọ́ńdè, 12 Oṣù Kẹwàá

Ó dojú dé. Mo mu omi.

Sátidé, 18 Oṣù Kẹwàá

Ó dojú dé. Mi ò mu omi.

Sátidé, 1 Oṣù Kọkànlá

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń bá ọkọ̀ yìí jà bí òmùgọ̀. Ọwọ́ ni mo rò pé wọ́n fi ń mú un dúró. Ìdí ni. Tí ènìyàn bá tú ìdí rẹ̀ sílẹ̀ tí ó jẹ́ kí ọkọ̀ máa mì lábẹ́ òun, kó sì mú àyà dúró gbọin, kò ní dojú dé. Mo wà á dé ibi òpó tí bàbá ń so àwọ̀n mọ́ láàárín omi, mo fọwọ́ kàn án, mo padà. Cecilia ń kọ orin ìyìn. Mo sọ fún un pé kó dákẹ́, ṣùgbọ́n inú mi dùn gan-an. Èmi ìyá arúgbó!

Gààrí ti tún wọ́n sí i ní Ìkòtún. Owó kún ìlú, oúnjẹ kò sí.

Sátidé, 8 Oṣù Kọkànlá

Òkun. A gbé ọkọ̀ sẹ́yìn mọ́tò akẹ́rù dé ìlú Ọjọ́, náírà méjì. Olè ni dẹ́rẹ́bà náà. Ìlàjẹ kan tó ń jẹ́ Ilésanmí ló ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gbé ènìyàn sọdá sí ẹ̀gbẹ́ òkun. Ó yí ọkọ̀ mi po bí ẹni ń wo òkú ẹran.

"Màdáámù, ẹ̀yin nìkan nínú ìgò yìí? Ẹja á rò pé oúnjẹ àwọn ló dé."

"Ẹ bá mi gbé e sọdá, kí ẹ fi ẹnu yín sílẹ̀ síbí."

Ó gbé e sọdá, àmọ́ ó gbé ẹnu rẹ̀ dání. Ó ní òun mọ òkun bí òun ṣe mọ ìyàwó òun, pé tí ìgbì bá ń bọ̀, kí n fi ẹ̀gbẹ́ gbà á. Mo fi ẹ̀gbẹ́ gbà á. Ìgbì náà gbé èmi àti ọkọ̀ yí bí àgbá, ó dà wá sórí yanrìn, imú mi kún. Ilésanmí ní ó lè jẹ́ pé iwájú ni òun fẹ́ sọ. Àánú ìyàwó rẹ̀ ṣe mí. Mo tún gbé ọkọ̀ wọ omi, mo dojú rẹ̀ kọ ìgbì tààrà, mo tẹ̀ síwájú, mo wà á tagbáratagbára. Ó gbá mi láyà, mo kọjá.

Bí mo ti kọjá ni mo rí àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá. Wọ́n tò lọ títí ojú mi kò fi tó wọn mọ́. Sìmẹ́ńtì ló wà nínú wọn. Ilésanmí ní àwọn mìíràn ti wà níbẹ̀ láti ìgbà òjò, pé èyí tó wà nínú wọn ti ń di òkúta. A ra òkúta láti òkè òkun, a ò rí ibi sọ̀ ọ́ sí! Nítorí irú ọrọ̀ yìí ni Tàjùdíìnì ṣe fẹ́ da yanrìn dí èbúté bàbá rẹ̀.

Mi ò rí ẹja kankan.

Àtìní, 17 Oṣù Kọkànlá

Àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó. Mo fi òrí pa á, síbẹ̀ mi ò lè di ẹgba mú. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ti rí i, inú wọn dùn bí ẹni pé Iléyá ti dé.

Sátidé, 29 Oṣù Kọkànlá

Ọwọ́ méjèèjì ló wà lára àjẹ̀, ta ni yóò di okùn ìwọ̀ mú? Mo so okùn mọ́ ìbàdí, mo fi edé ṣe ìjẹ, mo jẹ́ kí omi máa gbé mi lọ. Lọ́sàn-án, nǹkan fà mí. Mo fa okùn títí, ẹja tó jáde kò gùn tó ṣíbí. Ológbò ò ní dìde fún un. Ó wò mí, mo wò ó. Mo dá a padà kó tó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹja òkun ni. Èmi ni mo pa á.

Sátidé, 6 Oṣù Kejìlá

Fọlákẹ́ ìyàwó Tàjùdíìnì wá kí mi, ó ra bisikíìtì inú agolo wá. Nígbà tí wọ́n bá gbé bisikíìtì agolo wá bá ọ, mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àga yìí sílẹ̀ fún un. Ojú ń tì í. Wọ́n ń sọ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń wọ ṣòkòtò kiri inú omi."

"Ṣé òun náà ti lọ sójú omi?"

Ó wolẹ̀. Kò mọ irọ́ pa, òun nìkan ló sunwọ̀n nínú ilé wọn. Ó ní dẹ́rẹ́bà ọkọ òun ti lọ bá àwọn ẹlẹ́ja ní Ọjọ́ pé kí wọ́n tọ́jú èyí tó bá tóbi jù lọ́jọ́ náà. Ṣé ó yẹ kó yà mí lẹ́nu? Ẹni tó ń ra òkúta láti òkè òkun, kí ló dé tí kò ní ra orúkọ?

Mo jẹ bisikíìtì náà. Ó dùn.

Sátidé, 13 Oṣù Kejìlá

Iléyá. Tàjùdíìnì pe onífọ́tò wá ya àgbò rẹ̀ kó tó dúńbú rẹ̀. Àgbò náà wo onífọ́tò bí ẹni tó ní làákàyè ju ẹni tó rà á lọ.

Sátidé, 20 Oṣù Kejìlá

Ọyẹ́ bo gbogbo ojú omi. Mo ti kọjá ìgbì kí n tó mọ̀ pé mi ò rí ilẹ̀ mọ́. Ibi gbogbo funfun. Mo ń gbọ́ òkun tó ń fọ́ sórí yanrìn, ṣùgbọ́n mi ò mọ apá ibi tó ti ń wá. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti fi gbogbo ènìyàn ṣe ẹlẹ́yà láti oṣù Kẹwàá, ó wá ku èmi nìkan nínú èèpo ẹ̀wà, mi ò rí ẹni tí mo lè fi ṣe ẹlẹ́yà. Mo ń ka gbogbo àdúrà tí mo mọ̀. Mo ronú nípa bàbá. Ó máa ń sọ pé tí ojú bá kọ̀, kí ènìyàn jẹ́ kí ìgbì ti ẹ̀yìn rẹ̀, torí kò sí ìgbì tó ń lọ sí ojú agbami, ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń lọ. Mo dẹwọ́ àjẹ̀. Ó pẹ́ kí imú ọkọ̀ tó kan yanrìn.

Cecilia ń sunkún létí omi. Mo bínú sí i, lẹ́yìn náà mo dì mọ́ ọn.

Mi ò rí ẹja.

Àtàláátà, 23 Oṣù Kejìlá

Mo rí i! Òbòkun!

Bí ó ti gbé ìjẹ mì, ó fa ìbàdí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi ti ń wọ inú ọkọ̀. Mo tú ìdí sílẹ̀, mo jẹ́ kó máa fà mí. Ó fà mí lọ sọ́dọ̀ àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ńtì títí mo fi ń rí ojú àwọn tó wà lórí wọn. Òyìnbó kan ń juwọ́ sí mi. Kí ló fẹ́ kí n ṣe, kí n juwọ́ padà? Nígbà tó rẹ ẹja náà, mo fà á mọ́ra, mo fi ìró mi wé e torí ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo gbé e sórí itan mi. Ó tó ọmọ ọdún kan. Mo sunkún. Kò sí ẹni tó rí mi.

Nígbà tí mo gúnlẹ̀, Ilésanmí ní òun ni òun kọ́ mi.

Àlàrùba, 24 Oṣù Kejìlá

Òmùgọ̀ ni mí. Sátidé ni a fẹ́ ẹja, Àtàláátà ni mo pa á. Mi ò gbọdọ̀ yan án, mi ò gbọdọ̀ fi iyọ̀ sí i. Bí mo bá ní kí n padà sójú omi lọ pa òmíràn, ọyẹ́ tún ti bò ó. Kó tó di àárọ̀ òní, ojú ẹja náà ti ń ṣú.

Mo wé e sínú àpò, mo gbé e lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá. Cecilia gbé òdòdó kúrò, ó ká aṣọ, ó kó omi jáde. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan nípa gbogbo ohun tí mo ti sọ nípa fírísà rẹ̀. Ojú rẹ̀ sọ ọ́.

Jímọ̀, 26 Oṣù Kejìlá

Iná lọ ní Ẹ̀gbẹ́dá láàárọ̀ àná, kò dé títí di alẹ́. Báyọ̀dé kó gbogbo aṣọ òtútù ilé lé fírísà lórí. Cecilia kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i, kódà nígbà tí àlejò Kérésì ń béèrè omi tútù. Iná dé. Ẹja ti le bí odó.

Sátidé, 27 Oṣù Kejìlá

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Àwọn Àlùfáà ṣe àdúrà nílé, lẹ́yìn náà gbogbo wa sọ̀kalẹ̀ lọ sí èbúté. Ìyá Fàúsátù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ mi tí mo so síbẹ̀, àwo fàdákà wà níwájú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò wọn, wọ́n mú ìwé dání. Tàjùdíìnì kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Kútà ni, ó gùn tó apá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jáde létí ẹja náà. Àwọn ènìyàn ṣe háà.

Èmi àti Cecilia gbé tèmi. Nígbà tí a gbé e sínú àwo, ó dún kó! bí igi ìdáná. Èéfín yìnyín ń jáde lára rẹ̀.

Tàjùdíìnì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Háà, Ẹ̀gbọ́n mi! Òkú Èkó lẹ gbé wá? Ilé ẹja yìnyín wo lẹ ti rà á, kí n lọ bá wọn ná an?"

Gbogbo èbúté hó. Àlùfáà gan-an fi tẹ̀sùbáà bojú. Mo ní, "Èmi ni mo pa á. Inú fírísà Cecilia ló ti di báyìí." Ẹ̀rín tún pọ̀ sí i. Mo wò wọ́n. Ẹja tí wọ́n rà tutù yọ̀yọ̀, ẹja tí mo pa dà bí èyí tí wọ́n já láti inú ọkọ̀ òyìnbó. Ara mi gbóná. Tí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo wà láàárín wọn, èmi náà ì bá ti rín.

Ìyá fọwọ́ kan kútà. Ó fọwọ́ kan òbòkun, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ torí òtútù. Ó ní, "Ẹja kì í jẹ́rìí. Omi nìyí, ọkọ̀ nìyí. Kí ẹ wọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lọ kan òpó bàbá yín, kí ẹ padà wá. Ẹni tó pa ẹja lójú òkun kò ní tẹ́ ní èbúté."

Tàjùdíìnì fà sẹ́yìn kúrò létí omi. Ó ní, "Kí Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ lọ."

"Ìwọ lo kọ́kọ́ gbé ẹja sílẹ̀," ni Ìyá wí.

Ó wo àwọn ọkùnrin onísìmẹ́ńtì. Ó bọ́ agbádá, ó wọ inú ọkọ̀ mi. Ó ṣe mí ní kàyéfì pé ó kúrò létí omi, ó lọ jìnnà ju bí èmi ti lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé aago rẹ̀ sókè kó má baà kan omi, ọkọ̀ sì dojú dé.

A rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rín jù. Fìlà rẹ̀ léfòó. Ó yọ orí, ẹnu rẹ̀ yà, ó ní "Ẹ̀gbọ́n!", ó tún rì. Fọlákẹ́ figbe ta. Mo rántí pé kò mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe dénú omi, pẹ̀lú ìró, pẹ̀lú bùbá funfun tí mo rán fún ọjọ́ bàbá. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dì mọ́ mi lọ́rùn, ó ń tẹ̀ mí rì. Mo gbá a létí. Mo ní, "Di ọkọ̀ mú, òmùgọ̀!"

"Mo ti dì í mú. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi mí sílẹ̀."

Ohun tó máa ń sọ nìyẹn nígbà tí mo bá pọ̀n ọ́n kọjá ẹrẹ̀ Ìkòtún lọ sílé kéú. Mo fi apá kan fa ọkọ̀, mo fi èkejì lúwẹ̀ẹ́, mo sì ń bú u títí ẹsẹ̀ mi fi kan ilẹ̀. Mo wọ́ ọ jáde síwájú Ìyá. Ó ń pọ omi sórí léèsì rẹ̀.

Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nu omi kúrò lójú Tàjùdíìnì, ó gbọ́ pé ó ń mí. Ó wá gbójú sókè wò mí.

"Mọ̀dínátù, èyí tí o gbé jáde yìí kò tíì rí iná, kò tíì rí iyọ̀. Ọwọ́ rẹ lo fi mú un." Ó ti àwo ẹja méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mo gbà á."

Sátidé, 3 Oṣù Kìíní, 1976

Mo jókòó sórí àga. Ẹsẹ̀ kan rẹ̀ kúrú, ó sì ń mì. Mo tú ìdí sílẹ̀, ó dúró.

Àwọn onísìmẹ́ńtì kó ìwé wọn lọ. Wọ́n ní mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìlọsíwájú. Mo ní mo ti rí i lójú òkun, ó tò lọ rẹrẹ, ó ń di òkúta.

Òtútù mú Tàjùdíìnì, ó wá jókòó síbí. Mo fi òbòkun náà se ọbẹ̀ ata fún un. Yìnyín ti pa á lára, ó fọ́ yẹ́lẹyẹ̀lẹ sínú ìkòkò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹja yìí ò dùn."

"Òkú Èkó kì í dùn."

Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá àwo. Ó wá wolẹ̀, ó ní ṣé ihò ọkọ̀ náà lè gba ọkùnrin tó sanra bíi tòun dáadáa, àbí ìyẹn ló jẹ́ kó dojú dé.

Mo ní kó kọ́kọ́ lọ bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀.